Ìkìlọ̀ Lásán Kọ́

Gbólóhùn kan wà tó ti sú wa. Ẹ lọ sí àárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi Linux ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Agric, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ẹ má dá a lóhùn jàre, ìkìlọ̀ lásán ni." Kọ̀ǹpútà á máa to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú wọn, ìlà mẹ́wàá, ìlà ogún, á máa sọ pé nǹkan kan kò tọ́ nínú ẹrù tí wọ́n ń dì. Wọ́n á ní kó máa wí lọ. Bí fáìlì .deb tàbí .rpm bá ti jáde nígbẹ̀yìn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì pín in fún aráyé. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ìjà ọmọ ìyá la fẹ́ bá wọn jà o, ṣùgbọ́n ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Bí a bá fẹ́ fún ẹlòmíràn ní ètò kọ̀ǹpútà lórí Linux, a kì í kàn da fáìlì lé e lọ́wọ́. A máa ń dì í lẹ́rù ni. A ó to fáìlì kọ̀ọ̀kan sí ibi tí yóò jókòó sí lórí ẹ̀rọ ẹni tó máa gbà á, a ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ sí i, a ó sì sọ àwọn ẹrù mìíràn tó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn fáìlì yìí, oríṣi kan wà tí kò ní nǹkan kan nínú ju orúkọ ibòmíràn lọ. Ẹ kàn án lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹni tí ẹ ń wá kò sí níbí, ó wà lọ́hùn-ún." Symbolic link ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń kánjú ní symlink. Àwa ń pè é ní atọ́nà, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ọdún 1983 ló bá 4.2BSD jáde, ìyẹn ẹ̀yà Unix tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Berkeley, Linux sì bá a nílẹ̀ nígbà tí òun náà dé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux tó ń ka aago Nàìjíríà ló ní atọ́nà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /etc/localtime. Ibi tó ń tọ́ka sí ni Africa/Lagos. Nínú àkójọ aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní tzdata, Africa/Porto-Novo, Àjàṣẹ́ ti àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ yẹn, kò ní fáìlì tirẹ̀: Èkó ni wọ́n so ó mọ́. Niamey náà ń bẹ níbẹ̀, Douala ń bẹ, Luanda ń bẹ, Kinshasa ń bẹ. Ẹni tó bá ka aago ní Luanda, aago Èkó ló ń kà. Bí atọ́nà yẹn bá ṣẹ́, ẹ̀rọ á padà sí aago UTC, wákàtí kan á sì bọ́ sọnù lára gbogbo ìwé-ẹ̀rí owó tó bá tẹ̀ jáde.

Àwa ará Ìkòròdú ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ iyì atọ́nà. Títì tó gba Fádèyí, tó gba Onípanu, tó gba Maryland dé Ọ̀jọ́ta, ìlú wa kọ́ ni, síbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòròdú lorúkọ rẹ̀. Orúkọ ibi tó ń lọ ló ń jẹ́. Ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ pólì tó wà lọ́dọ̀ wa níbí di yunifásítì, LASPOTECH di LASUSTECH, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé Láspótẹ́ẹ̀kì lòun ń lọ, kò ní ṣìnà. Orúkọ àtijọ́ ti di atọ́nà sí tuntun. Kò sẹ́ni tó rò pé kí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àlejò púpọ̀ ló ṣì wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu.

Ó dáa. Níbo ni ìkìlọ̀ ti wá wọ̀ ọ́?

Bí àlejò bá béèrè ilé wa, ọ̀nà méjì la lè gbà júwe rẹ̀. A lè ní, "Láti Máìlì 12, ẹ wọkọ̀ Ìkòròdú, ẹ sọ̀ ní Gáréèjì, kí ẹ tó wá béèrè àdúgbò wa." Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. A sì lè sọ fún ọmọ tó ń gbé ojúlé kejì pé, "Ilé kẹta sí tiyín, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí." Ibi tí ọmọ náà dúró sí ló ti ń kà á. Irú méjèèjì yìí ni atọ́nà ní. Èyí tó fi àmì / bẹ̀rẹ̀, bíi /usr/share/èyí-tàbí-ìyẹn, láti gbòǹgbò ẹ̀rọ ló ti ń kà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀nà gbòǹgbò. Èyí tó ń sọ pé ../share/èyí-tàbí-ìyẹn, láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ló ti ń kà. Ìyẹn ni ọ̀nà àdúgbò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, kó má tíì di ẹrù fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí ni pé a kì í to fáìlì sórí ẹ̀rọ tiwa gan-an nígbà tí a bá ń di ẹrù. Fódà kan la máa ń yà sọ́tọ̀, ká ní /home/ade/idi, a ó ṣe bí ẹni pé òun ni odindi ẹ̀rọ, a ó to gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. DESTDIR ni àwọn tó ń kọ Makefile ń pè é, BuildRoot ni àwọn ará RPM ń pè é. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń wọlé. Ẹni tó kọ ìlànà ìkọ́lé ètò náà á fi orúkọ fódà ìgbà díẹ̀ yẹn sínú atọ́nà. Atọ́nà á wá máa sọ pé kí wọ́n lọ wá fáìlì ní /home/ade/idi/usr/lib. Lórí ẹ̀rọ Adé, fódà yẹn wà níbẹ̀, nǹkan ń ṣiṣẹ́ geerege, Adé dán an wò, ó ní ó ti dáa. Ẹ gbé ẹrù náà dé Ẹ̀pẹ́. Ta ló mọ Adé ní Ẹ̀pẹ́?

Àwọn tó ṣe rpmbuild mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe burú tó. Bí atọ́nà bá tọ́ka sínú BuildRoot, wọn kò kìlọ̀, wọ́n kàn kọ̀ láti di ẹrù náà ni. Lọ́dọ̀ Debian, lintian ló máa ń yẹ ẹrù wò tó sì ń sọ ohun tó bá rí, ṣùgbọ́n dpkg-buildpackage kì í pe lintian fúnra rẹ̀. Debuild ló ń pè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ fún wa pé, "Tèmi kò fún mi ní ìkìlọ̀ kankan o." Kò lè fún ọ. O kò pè é sí ìjókòó.

A ti rí ibi tí àìbìkítà yìí ń já sí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa, tí a kò ní dárúkọ, gba àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù, wọ́n fi Linux sí wọn nítorí pé wọn kò lówó láti ra ohun mìíràn. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Inú fláàṣì ni gbogbo ẹrù ti wá. Ètò ìṣirò kan wà lára wọn tí àwọn ọmọ ń retí. Àmì rẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, bákan náà. Fáìlì ètò náà wà níbẹ̀ pé pérépéré. Atọ́nà tó yẹ kó mú àmì débẹ̀ ló ń tọ́ka sí ilé ẹni tó di í. Títún un ṣe kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, olùkọ́ ti sọ pé Linux kò dáa, ó sì ti ní kí wọ́n lọ fi Windows tí kò ní ìwé-àṣẹ sórí gbogbo wọn. Nígbà tí a bá sọ pé ìkìlọ̀ kì í ṣe nǹkan lásán, àwọn ọmọ yẹn ló wà lọ́kàn wa.

Ẹ wo àwọn ògiri ìlú wa. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, ṣé a máa ń fi rẹ́rìn-ín? Ẹni tó fẹ́ ra ilé á kà á, á sì yí padà, torí ó mọ̀ pé owó òun ló máa bá a lọ. Ògiri kan ṣoṣo, ọ̀dà díẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ irú ọ̀rọ̀ kan náà sójú wa ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, ó dárúkọ fáìlì, ó dárúkọ ibi tó ń tọ́ka sí, a ní ariwo ni. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń fi 2>/dev/null sí ìdí àṣẹ wọn kí ẹnu ẹ̀rọ lè pa. Ó dà bí ẹni tó kun ògiri yẹn ní funfun kó tó lọ sanwó ilé.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà kò le. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ ẹ̀kọ́ mọ̀ ni pé ln -s kì í wádìí ohunkóhun. Ohun tí ẹ bá kọ fún un ló máa kọ sílẹ̀, ì báà ṣe ibi tó wà, ì báà ṣe ibi tí kò sí. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àdúgbò lẹ fún un, láti ibi tí atọ́nà jókòó sí ni yóò ti kà á, kì í ṣe láti ibi tí ẹ̀yin dúró sí nígbà tí ẹ ń pàṣẹ. Ìdajì ìṣòro tí à ń rí, ibẹ̀ ló ti wá. Bí ìṣirò ../../ bá ń dà yín lójú rú, ẹ lo ln -sr, á bá yín ka àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to ẹrù tán, ẹ wọ inú fódà náà, ẹ pa àṣẹ find . -xtype l, gbogbo atọ́nà tí kò débì kankan á jáde síta. Ẹ fi readlink wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra lórí kiní kan o: atọ́nà tó ń lo ọ̀nà gbòǹgbò, ẹ̀rọ tiyín ni find yìí máa fi wò ó. Ó lè sọ pé ó kú nígbà tó yè, ó sì lè sọ pé ó yè torí pé fáìlì yẹn ti wà lórí ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, orí ẹ̀rọ mímọ́, tí kò ní nǹkan kan lórí, ló yẹ ká ti dán ẹrù wò.

Wọ́n á ní, "Ṣebí dh_link ń tún un ṣe?" Ó ń tún un ṣe lóòótọ́, fún ẹni tó ń di ẹrù Debian. Ó máa ń yẹ gbogbo atọ́nà inú ẹrù wò, á sì yí ọ̀nà gbòǹgbò padà sí ọ̀nà àdúgbò níbi tí òfin Debian bá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹ̀wù ló ń tún ṣe, kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ibi tí atọ́nà ń tọ́ka sí kò bá sí rárá, dh_link kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a.

Òfin Debian yẹn fúnra rẹ̀ yẹ ká gbé yẹ̀ wò, torí àwọn tó ń pe ìkìlọ̀ ní ariwo fẹ́ràn láti sọ pé àwọn àgbà gan-an kò fẹnu kò. Wọn kò fẹnu kò lóòótọ́. Debian ní bí atọ́nà àti ibi tó ń lọ bá jọ wà lábẹ́ fódà ńlá kan náà, bíi /usr, kó lo ọ̀nà àdúgbò. Bó bá jẹ́ pé láti /etc ló ti ń lọ sí /usr, kó lo ọ̀nà gbòǹgbò. Ìdí wọn ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ lè ti kó odindi /var lọ sórí dísíìkì mìíràn, kó sì fi atọ́nà rọ́pò rẹ̀. Bí a bá wá ń ka àtẹ̀gùn láti inú rẹ̀, ibi tí a ó já sí lè yà wá lẹ́nu. Lọ́dọ̀ àwọn ará RPM, ọ̀nà gbòǹgbò gan-an ni wọn kò fẹ́ rí: rpmbuild máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn náà ní ìdí. Bí ẹ̀rọ bá kú, tí a fi fláàṣì ta á jí, tí a wá so dísíìkì rẹ̀ mọ́ /mnt ká lè tún un ṣe, gbogbo atọ́nà oní-gbòǹgbò orí dísíìkì yẹn á kọjú sí fláàṣì wa dípò ilé ara wọn. Ẹni tó bá ti tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòròdú rí, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, á mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlọ́.

Ìdílé méjì, èèwọ̀ méjì. Ṣé torí pé ilé yìí ń jẹ ohun tí ilé kejì kì í jẹ la ó ṣe sọ pé èèwọ̀ kò sí? Ẹni tó bá ń di .deb, kó tẹ̀lé ti Debian. Ẹni tó bá ń di .rpm, kó tẹ̀lé ti wọn. Ohun tí a kò fẹ́ ni ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, tó wá ń fi ìyàtọ̀ wọn ṣe àwáwí.

A gbà pé ìkìlọ̀ mìíràn wà tí kò ní ẹjọ́ nínú. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn ẹrù -dev. Nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, atọ́nà kan máa ń wà, ká ní libọ̀rẹ́.so, tó ń tọ́ka sí libọ̀rẹ́.so.1, bẹ́ẹ̀ inú ẹrù mìíràn ni libọ̀rẹ́.so.1 wà. Ẹni tó bá yẹ ẹrù kan ṣoṣo wò á sọ pé atọ́nà yìí ń lọ sí ahoro. Kì í ṣe ahoro, ilé ẹlòmíràn ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni ká rí i dájú pé ẹrù àkọ́kọ́ sọ ọ́ kedere pé òun kò lè dá wà láìsí ẹrù kejì, ní ẹ̀yà kan náà. Bí ìkìlọ̀ bá ṣì ń wá lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì lintian-overrides wà fún un, a sì lè fi àlàyé sókè rẹ̀ níbẹ̀. Àwa kì í gba override tí kò ní àlàyé. Ẹni tó bá pa ìkìlọ̀ mọ́, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè tó bá wù ú, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìkìlọ̀ gan-an kì í sọ tán. Ká ní ẹ̀yà kìíní ẹrù wa ní fódà kan tó ń jẹ́ àwòrán, tí a wá kó àwòrán lọ síbòmíràn ní ẹ̀yà kejì, tí a fi atọ́nà sípò fódà náà. Lórí ẹ̀rọ tuntun, kò sí wàhálà. Lórí ẹ̀rọ tó ti ní ẹ̀yà kìíní, dpkg kì í yọ fódà kó fi atọ́nà rọ́pò rẹ̀. Fódà àtijọ́ á jókòó síbẹ̀, ètò á sì máa wá nǹkan níbi tí kò sí. Àṣẹ kan wà nínú dpkg-maintscript-helper tí wọ́n ṣe fún èyí, dir_to_symlink lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ RPM tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìmúdójúìwọ̀n náà á kàn dá dúró ni, àyàfi tí a bá ti kọ ìlànà pretrans sí i. Ta ló máa ń ko àgbákò rẹ̀? Ẹni tó ti ń lo ètò wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni, oníbàárà tó fọkàn tán wa.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 2012 tí Fedora 17 jáde ni Fedora ti sọ /bin di atọ́nà sí /usr/bin. Ọdún 2023 ni Debian 12 tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹ̀rọ, lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gùn, torí dpkg kò mọ̀ pé /lib àti /usr/lib ti di ojúlé kan náà, fáìlì tí a bá sì gbé láti orúkọ kan sí èkejì lè pòórá níbi tí ẹrù méjì bá ti pàdé. A rí irú rẹ̀ níbí náà ní 2022, nígbà tí wọ́n pa kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ti Ìjànìkín àti ti Nọ́fọríjà ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀ di yunifásítì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ jáde tó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lábẹ́ orúkọ àtijọ́ bóyá atọ́nà ṣe pàtàkì.

A dé ibi tó ń dùn wá jù. Ohun kan wà tó ń pa atọ́nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì kì í sábà bá pàdé, àwa la ni ín: àmì ohùn wa. Lẹ́tà ọ́ tí a ń kọ yìí, kọ̀ǹpútà mọ ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán, tí a lè gbà tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè tẹ ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kí ẹ wá fi àmì ohùn lé e. Ẹ lè tẹ o lásán, kí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ẹ fi ti ohùn sí i. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ó tó ti ní ohùn, kí ẹ wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú Linux, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí ext4, bí a ṣe sábà ń lò ó, kò mọ lẹ́tà, báìtì ló mọ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó: ẹnì kan ṣe fáìlì ọ̀rọ̀.txt lórí ẹ̀rọ Mac àtijọ́ tó máa ń tú àmì sí wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn fi bọ́tìnnì Yorùbá orí Linux kọ atọ́nà tó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀.txt. Ẹ wo àwọn méjèèjì pẹ̀lú ls, ọ̀kan ni wọ́n. Atọ́nà náà ti kú. Ẹ lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wọ́n á ní kí a kúkú má fi àmì sórúkọ fáìlì mọ́, ká kọ oro. Ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn. Èwo ni oro? Ọ̀rọ̀ ni, ọrọ̀ ni, àbí oró? Tàbí Orò? Ní Ìkòròdú níbí, ẹ bi àwọn obìnrin bóyá ọ̀rọ̀ àti Orò jọra. Òfin Debian kò ní ká má kọ Yorùbá. Ohun tó ní ni pé kí orúkọ fáìlì inú ẹrù tí kò sí nínú PATH wà ní UTF-8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ ASCII níbi tó bá ti ṣeé ṣe, Yorùbá sì wà nínú UTF-8 pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká fẹnu kò sórí ọ̀nà kan. Àwa ti mú NFC, èyí tó máa ń so ohun tó bá ṣeé so pọ̀, convmv sì ní àṣẹ --nfc tó ń sọ odindi fódà di bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣe atọ́nà, kì í ṣe ṣáájú.

Ká má gbàgbé fláàṣì. Dátà wọ́n, nítorí náà ọwọ́ sí ọwọ́ ni iṣẹ́ ń gbà rìn láàárín wa, láti Ìpàkodò dé Computer Village ní Ìkẹjà. FAT32 tàbí exFAT ló wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì, méjèèjì kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ atọ́nà. Ẹ fi cp kó fódà iṣẹ́ yín sórí rẹ̀, ó á sọ pé òun kò lè ṣe atọ́nà, ẹ ó ní ìkìlọ̀ lásán ni, ẹ ó sì fà á yọ. Ibi tí ẹ bá gbé e dé, ìkọ́lé á máa pariwo fáìlì tí kò rí. Ẹ̀rọ Windows náà ní tirẹ̀: bí git kò bá lè ṣe atọ́nà níbẹ̀, á sọ ọ́ di fáìlì lásán tó ní orúkọ ibi tí à ń lọ nínú, bí ìgbà tí wọ́n hú pátákó ojú ọ̀nà tí wọ́n wá kì í bọ àpò. Ẹ di iṣẹ́ yín ní tar kó tó wọ fláàṣì. Inú tar, atọ́nà wà láàyè. Bó bá jẹ́ zip lẹ fẹ́ dandan, ẹ fi -y sí i.

Ìdí tí a fi ń jà nìyí. Ní Fedora, fáìlì tó ń yẹ sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wò, en_NG, kì í ṣe fáìlì gidi. Atọ́nà ni, en_GB ló ń tọ́ka sí. Wọ́n so ó dáadáa, ọ̀nà àdúgbò ni wọ́n lò, kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú rẹ̀, a kò sì bínú sí ẹni tó so ó. Ṣùgbọ́n ó ń bí wa nínú pé lójú kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì tiwa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ará Bìrìtìkó. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé fáìlì gidi síbẹ̀, àti ọjọ́ tí a bá fẹ́ kí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, bọ́tìnnì Yorùbá àti ìwé kíkà àwọn ọmọ wa wọ inú Debian ní orúkọ wa, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ kò ní béèrè bóyá ọmọ Ìkòròdú ni wá. Oríṣi àléébù kan wà tó jẹ́ pé bí lintian bá ti rí i, ẹrù náà á padà láìjẹ́ pé ènìyàn kankan kà á. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń pa lintian lẹ́nu mọ́, kí ló fẹ́ gbé débẹ̀?

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gbé ẹrù wá sí ìpàdé wa, kó gbé àbájáde lintian tàbí rpmlint rẹ̀ dání, odindi, láìgé. Ìlà tó bá ní override, kí àlàyé wà lókè rẹ̀. Ìlà tí kò bá ní, a ó jọ jókòó tì í títí yóò fi lọ. Ẹrù tó bá wá láìsí ìyẹn, a kò ní fi sórí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, bó ti wù kí ẹni tó dì í jẹ́ ọ̀rẹ́ wa tó.